Fáànù Rẹdíétọ̀ Tí Kò Yí: Ẹ Wá Ibi Tí Ẹ̀bi Wà Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Ọkọ̀ náà gbéra láti Òmù-Àrán, ó gba Òró kọjá, ó já sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ó sáré dé Ìdófìàn, abẹ́rẹ́ géèjì ooru kò kúrò lójú kan. Ìgbà tó wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Gánmọ̀ ni abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kí bàbá tíṣà tó ni ín tó dé Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin, èéfín omi gbígbóná ti ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò ní fáànù ti kú, kí bàbá lọ ra Tòkunbọ̀. Bàbá ra á. Wọ́n dè é sí i, ọkọ̀ tún gbóná. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Wáyà ẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀nà tí iná ń gbà jáde sára bọ́dì, ni mo bá lẹ́yìn iná iwájú, ó ti dípẹtà débi pé ó ti di àwọ̀ ewé. Mo fi sáńpépà ha á, mo dè é le, fáànù yí. Mo wá gbé fáànù àtijọ́ tí wọ́n ti jù sí búùtù lé bátìrì: òun náà yí, ó tilẹ̀ lágbára ju èyí tí bàbá rà lọ.

Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe ní Ìlọrin níbí. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, fáànù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni bí ẹ ṣe lè tọ iná lẹ́sẹ̀ láti bátìrì dé ara fáànù, kí ẹ rí ibi tó ti já. Mítà kékeré kan, wáyà nínípọn méjì àti sùúrù ti tó. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní í fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ó bi ríwáyà yín kó tó ní kí ẹ mówó wá.

Iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe

Nílùú tí wọ́n ti ń kì pé ẹṣin leégún ilé wọn yìí, ẹ wo ẹṣin tó bá sáré tán lọ́jọ́ Ìtúnu: gbogbo ara rẹ̀ á rin fún òógùn, òógùn yẹn ló fi ń tutù. Ọkọ̀ kì í làágùn. Omi ló ń gba inú ẹ́ńjìnì kọjá, á ru ooru lọ sínú rẹdíétọ̀, atẹ́gùn á fẹ́ gba ara rẹdíétọ̀ kọjá, á gbé ooru náà lọ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú títì ti tó. Fáànù lè máà yí rárá láti Àjàṣẹ́ dé Ìlọrin, kò sì sí ohun tó ṣe. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí atẹ́gùn dúró pẹ̀lú rẹ̀, ni iṣẹ́ kan fáànù.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń gùn, tẹmọsítáàtì á ṣílẹ̀kùn fún omi ní nǹkan bí 82°C, fáànù á sì bẹ̀rẹ̀ níbì kan láàárín 90 sí 100°C. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀ tí fáànù kò yí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Kí ọwọ́ yín tó kan nǹkan kan

Bó bá ń gbóná lọ́wọ́, ẹ pa AC, ẹ ṣí híítà dé òpin, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀. Nínú ooru Ẹrẹ́nà ìlú wa, ìyà ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ooru inú ẹ́ńjìnì ni híítà ń fà jáde bá yín. Ẹ wá ibi tó dáa dúró sí, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi ìdérí rẹdíétọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìdérí yẹn ń há omi mọ́nú tipátipá, tó fi jẹ́ pé omi ọ̀hún lè kọjá 100°C láì hó. Ẹni tó bá ṣí i, ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń tú sí. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tí àpá rẹ̀ kò tíì parẹ́ láyà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tó gbóná, sílíńdà ẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, lè là. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè di họ́ọ̀sì òkè mú láì já ọwọ́ gbà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ àárín abẹ̀bẹ̀ fáànù, ẹ tú ẹsẹ̀ òdì bátìrì, èyí tí wọ́n kọ àmì ìyọkúrò sí. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí fáànù wọn lè dédé yí nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ki etí híjáàbù bọ abẹ́ aṣọ.

Ṣé fáànù tilẹ̀ ni?

Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nígbà tó dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣálẹ́ńjì tàbí Pósọ́fíìsì ní Ìlọrin, tó sì ń tutù padà bó bá ti ráyè sáré, ọ̀rọ̀ fáànù ni. Bó bá jẹ́ lórí eré ló ti ń gbóná, tàbí nígbà tó ń gun òkè, ẹ fi fáànù sílẹ̀. Ẹ lọ wo omi, rẹdíétọ̀ tó dí, wọ́tà pọ́ńpù, tàbí tẹmọsítáàtì tí kò ṣí mọ́. AC náà ń ṣe ẹlẹ́rìí: AC tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó wá ń tutù nígbà tó bá ń lọ, fáànù kan náà ni ìṣòro rẹ̀.

Ẹ wo ìwọ̀n omi náà, lẹ́yìn tó bá tutù. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: omi tó dín lè mú kí fáànù má yí. Inú omi ni orí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru omi, yẹ kó wà. Bí omi bá fà sẹ́yìn tó ku atẹ́gùn lásán níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kò ní í mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń jó, géèjì sì lè wà nílẹ̀ títí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á fi lọ.

Ẹ gbọn eruku ọyẹ́ àti ọ̀rá tó há síwájú rẹdíétọ̀ dànù. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

AC ni tẹ́sítà tí ẹ kò ra

Ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan AC. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù gbọ́dọ̀ yí láìpẹ́, ẹ́ńjìnì ì báà tutù. Bó bá yí, a jẹ́ pé mọ́tò rẹ̀ yè, fíúsì yè, iná ń dé ibẹ̀. Ẹni tó yẹ kó sọ fún un pé omi ti gbóná ni kò sọ̀rọ̀. Ẹ fo ìyókù, ẹ lọ síbi sẹ́ńsọ̀. Bí kò bá yí, ẹ kọ́kọ́ rántí bóyá gáàsì AC yín ti tán, torí AC tí kò ní gáàsì kì í gbéra rárá, fáànù kò sì ní í tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní fáànù méjì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ mẹkáníìkì lójú. Àwọn Toyota kan wà tí fáànù méjèèjì so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: iná á gba inú ọ̀kan kó tó dé inú èkejì. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì á dákẹ́. Bí ooru bá wá pọ̀ sí i, rílè, súwíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, á yà wọ́n sọ́tọ̀, kálukú á máa gba iná tirẹ̀, èyí tó yè á sì bẹ̀rẹ̀ eré. Mo ti rí ẹni tó ra fáànù méjì nítorí ẹyọ kan.

Ọwọ́, fíúsì, rílè

Pẹ̀lú bátìrì ní títú, ẹ fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ fáànù. Ó yẹ kó yí láì háwọ́. Bó bá ń ha gìrìgìrì, tàbí tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́rìn-ín rẹ̀ ti jẹ. Bó bá yí dáadáa lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò yí fún iná, ẹ so bátìrì padà, ẹ ní kí ẹnì kan tan ọkọ̀ àti AC, kí ẹ fi ẹ̀yìn igi gígùn kan kan ara mọ́tò rẹ̀ pẹ́pẹ́, kí ọwọ́ yín jìnnà sí abẹ̀bẹ̀. Bó bá ta kìjí tó yí, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí, ló ti jẹ tán. Ẹ̀bi fáànù nìyẹn lóòótọ́. Kò ní í pẹ́ tí kíkàn náà kò fi ní í ran an mọ́.

Fíúsì fáànù kì í ṣe ti rédíò. 30 tàbí 40 áḿpù ló sábà máa ń jẹ́, inú àpótí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti bá a, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìdérí. Ẹ fà á yọ, ẹ wò ó, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ihò tó ń wọ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti pọ́n tàbí tí rọ́bà ibẹ̀ ti yọ́, iná kò kọjá dáadáa níbẹ̀, fíúsì ì báà ṣì dára. Fíúsì tó jó lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi irú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bó bá tún jó, mọ́tò ń fa iná jù tàbí wáyà kan ń kan bọ́dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi okùn wáyà bàbà rọ́pò fíúsì. Fíúsì tí kò lè jó, wáyà ni yóò jó dípò rẹ̀, wáyà yẹn sì sún mọ́ ẹnu ibi tí epo ń gbà.

Rílè ni ẹ̀rọ kékeré onígun mẹ́rin tó ń dún kẹ́ẹ́. Ọ̀nà tó yá jù láti dán an wò ni kí ẹ fi ti fèrè ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi tirẹ̀ sípò ti fèrè, bí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu, bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáánù. Bí fáànù bá yí tí fèrè wá yadi, ẹ ti rí ọ̀daràn. Kẹ́ẹ́ tó ń dún nìkan kò tó ẹ̀rí o. Rílè lè máa dún kí ẹnu inú rẹ̀ ti jó dúdú, kí iná má kọjá.

Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti Yúróòpù ń jẹ́ 30, 85, 86 àti 87. 85 àti 86 ló ń jí i dìde, iná ńlá ń ti 30 bọ́ sí 87. Lára àwọn ti Toyota, 1 àti 2 ló ń jí i, 3 àti 5 ni ọ̀nà iná ńlá. Ẹ yọ rílè, ẹ fi wáyà nínípọn tí fíúsì wà láàárín rẹ̀ so ihò 30 mọ́ ihò 87, tàbí 3 mọ́ 5. Bí fáànù bá yí, gbogbo ọ̀nà láti ibẹ̀ lọ dé ara rẹ̀ ló dára. Ìṣòro wà lára rílè fúnra rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó jí i. Bí kò bá yí, ẹ wọn iná ní ihò 30. Bí kò bá tó 12 fólítì, ẹ padà sí fíúsì.

Láti bátìrì tààrà

Ẹ tú pọ́ọ̀gì fáànù, ẹ fi wáyà méjì láti bátìrì bọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà náà gbọ́dọ̀ nípọn, torí fáànù kan lè fa áḿpù 10 sí 20, ó sì ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Wáyà iná ilé tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Fáànù tó yí kíkankíkan lórí bátìrì, ẹ má ra òmíràn. Ẹsẹ̀ méjì ni mò ń sọ. Bí fáànù yín bá ní wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó sì ní kọ̀ǹpútà kékeré lára, ẹ má gbé e lé bátìrì báyìí, ẹ lè bà á jẹ́.

Bí ẹ bá gbé wáyà méjèèjì dípò ara wọn, fáànù á yí sẹ́yìn. Ó ń yí, ó ń pariwo, ẹni gbogbo á ní ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ń gbóná lọ. Ìdí ni pé atẹ́gùn ni ó ń tì jáde bá ojú títì, dípò kó fà á gba ara rẹdíétọ̀ wọlé. Ẹ fi bébà kan sí iwájú ọkọ̀ nígbà tí fáànù ń yí: bó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ọkọ̀, ó dára. Bó bá fò lọ, wọ́n ti so wáyà lódìlódì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi Tòkunbọ̀ rọ́pò, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe nìyí.

Wáyà dúdú

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí, torí ibí ni owó bàbá tíṣà bá lọ. Mítà lè fi 12 fólítì hàn yín ní pọ́ọ̀gì fáànù kí fáànù ṣì dákẹ́. Iná ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Ọ̀nà àbájáde náà ni wáyà dúdú tó lọ sára bọ́dì, tí à ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, bóòtù kan ló sì sábà máa ń dè é mọ́ irin nítòsí iná iwájú tàbí lábẹ́ bátìrì. Òjò, omi ásíìdì bátìrì àti ọdún tó ti pẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mú un: ẹ jẹ́ kí pọ́ọ̀gì wà nípò rẹ̀, kí fáànù wà ní ipò tó yẹ kó máa yí. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan wáyà dúdú fáànù láti ẹ̀yìn pọ́ọ̀gì, kí ẹ fi èkejì kan ẹsẹ̀ òdì bátìrì. Bí ẹ bá rí ìdajì fólítì tàbí kó dín, kò burú. Bí ẹ bá rí 2, 3, tàbí gbogbo 12, ẹ́ẹ̀tì yín ti bàjẹ́. Ẹ tú bóòtù, ẹ ha irin náà títí á fi máa dán, ẹ dè é le, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lórí. Ẹ tún wo iná iwájú ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀: bó bá ń ṣe bàìbàì, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì so mọ́. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Bó bá jẹ́ pé fáànù dákẹ́ nígbà tí kò gbóná jù, ṣùgbọ́n tó ń sáré nígbà tí ooru bá dé góńgó, tí ọkọ̀ yín sì jẹ́ ti Yúróòpù bí àwọn Peugeot kan, ẹ wo rẹsísítọ̀ tó ń dín eré rẹ̀ kù. Ó ń jó, ó sì ṣe é rà lọ́tọ̀.

Sẹ́ńsọ̀

Ọkọ̀ tó ti pẹ́ ní súwíìṣì kan lára rẹdíétọ̀ fúnra rẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, ooru ló ń pa á dé: ẹ fa pọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ, ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀, fáànù gbọ́dọ̀ yí. Ti àwọn Toyota àtijọ́, òdì kejì ni: ẹ kàn fa pọ́ọ̀gì yọ, fáànù á yí. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á ní súwíìṣì tó dára ti bàjẹ́.

Ọkọ̀ tòní, sẹ́ńsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lára ẹ́ńjìnì ló ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ fa pọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ: ẹ̀rù á ba kọ̀ǹpútà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á sì tan fáànù fúnra rẹ̀, á tan iná ẹ́ńjìnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Bí fáànù bá yí báyìí, sẹ́ńsọ̀ ni ẹ fura sí. Mítà á jẹ́rìí: ti Toyota máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 óòmù ní 20°C, á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 ní 80°C. Bó bá gbóná tí iye náà kò sọ̀kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, kóòdù P0115 sí P0118 ń tọ́ka sí ọ̀nà sẹ́ńsọ̀, P0480 ń tọ́ka sí ọ̀nà fáànù. Ẹ má jẹ́ kí géèjì tàn yín jẹ, torí nínú àwọn ọkọ̀ kan, sẹ́ńsọ̀ tí géèjì ń gbọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà.

Fáànù tí kì í dúró wá ńkọ́, tó ń jẹ bátìrì mọ́jú? Ẹ yọ rílè rẹ̀. Bí fáànù bá dúró, ó ṣeé ṣe kí ẹnu rílè ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi òmíràn síbẹ̀, bí fáànù kò bá dúró síbẹ̀, ẹ wo wáyà sẹ́ńsọ̀ bóyá ó já.

Ọ̀rọ̀ dárẹ́ẹ̀tì

Ẹgbẹ́ mi lè bínú sí mi, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Bí ríwáyà bá ti rí i pé wíwá ẹ̀bi fẹ́ pẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Alàájì, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní dárẹ́ẹ̀tì." Á so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, tàbí kó fi súwíìṣì iná ilé sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ náà, fáànù kò ní ìsinmi, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ á sì tètè tán. Ẹ́ńjìnì á pẹ́ kó tó móoru láàárọ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Bó bá jẹ́ súwíìṣì, ọjọ́ tí ẹ bá yá ọmọ yín lọ́kọ̀ tí ẹ kò sì rántí sọ fún un, ọjọ́ náà ni ẹ́ẹ̀dì máa tẹ̀.

Láti dé ilé lálẹ́ láti Ọ̀fà, mo gbà, ẹ ṣe é. Kí ó gba inú rílè àti fíúsì 30 kọjá, kí wáyà rẹ̀ nípọn, kí ẹ sì tú u láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá sì fẹ́ yọ tẹmọsítáàtì dànù fún yín kí ọkọ̀ má baà gbóná, ẹ kí i, ẹ wa ọkọ̀ yín lọ.

Bó bá wá di pé ẹ gbọ́dọ̀ ra Tòkunbọ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi wé iye abẹ̀bẹ̀, pọ́ọ̀gì àti ihò bóòtù. Ẹ ní kí ó gbé e lé bátìrì níwájú yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má jó yín.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú kan kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́. Fáànù gbọ́dọ̀ yí fúnra rẹ̀, kó dúró, kó tún yí. Ẹ kà á dé ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bàbá tíṣà kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tó ta Tòkunbọ̀ kọ̀, kò gbà á padà, inú búùtù bàbá ló ṣì wà, wọ́n wé e sínú àpò ìrẹsì.